Aṣọ Méje, Pátákó Kan

Aṣọ méje ló wà lọ́wọ́ Ìyá Alákìísà, kò sì sí ọ̀kan tó parí nínú wọn. Ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ o, ẹ má fojú yẹn wò ó. Ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, bí aago méjì ọ̀sán bá ti lù, á jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á fi awò sójú, á ki irin kékeré bọ ìka àárín kí abẹ́rẹ́ má baà gún un, á sì máa ránṣọ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ìdọ́gba ni kò jẹ́ kí wọ́n parí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni obìnrin yìí, ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi ránṣọ fáyé. Nígbà tí orúnkún ẹ̀ sọ pé òun ò tẹ máṣíìnì mọ́, ó ti aṣọ oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé àpò àkísà méjìdínlógún ló ṣẹ́ kù sóun lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ẹ̀ ní kó jó o níná. Ó ní, "Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ohun tẹ́ ẹ ò ní lẹ fẹ́ jó yẹn." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé àkísà náà wẹ́wẹ́, ó ń tò ó, ó ń rán an pọ̀, títí tó fi di àwòrán: òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ibùdókọ̀ láàárọ̀, fèrèsé kan, àtẹ̀gùn kan, ilé tí wọ́n ń kùn lọ́dà. Bójú aṣọ bá ti pé, á tẹ́ òwú sábẹ́ ẹ̀, á fi aṣọ mìíràn ṣe ẹ̀yìn, á wá máa fọwọ́ rán ìlà gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá kí wọ́n lè di ara kan. Ara ògiri ni wọ́n ń gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe ohun à ń bò sùn. Àwọn ará àdúgbò ò mọ ìyẹn. Àkísà ni wọ́n rí, wọ́n bá ń pè é ní Ìyá Alákìísà, ó sì ń dá wọn lóhùn. Ó ní òun ò lè torí òótọ́ bá èèyàn jà.

Ìlà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ni aṣọ kọ̀ọ̀kan gbà. Aṣọ kan lójúmọ́, ìlà kan péré: Òjò ní ọjọ́ Ajé, Ibùdókọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ Àìkú. Bí Òjò bá ti gba tiẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn, ì báà máa sunkún. Bó ṣe tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ náà nìyẹn. Téèpù tó fi ń wọnṣọ ló fi ń wọn búrẹ́dì fún wọn, wọ́n sì dàgbà tán, kò sí èyí tó lè rí búrẹ́dì kó má rántí ìyá ẹ̀.

Ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ ò ṣòro mọ̀. Àwọn méje ni ìyá wọn bí, òun ni ìkẹfà. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó jẹ́ ìkẹta nìkan ló lọ sí ilé-ìwé gíga, torí agbára wọn ò ju ti ẹnì kan lọ. Ìyá wọn ní, "Tíṣà ló yàn án o, ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀." Àwọn mẹ́fà yòókù kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n di nọ́ọ̀sì, ó wọ aṣọ funfun, ó wá kí wọn pẹ̀lú bàtà tó ń dún. Ìyá Alákìísà gbà pé tíṣà ló yàn án, ó ti gbà bẹ́ẹ̀ láti bí àádọ́ta ọdún, síbẹ̀ inú ẹ̀ ò yọ́ sí i.

Ọkọ ẹ̀ ló ń ka iye ìlà tó ti rán. Akọ̀wé ni bàbá yìí ní ibùdókọ̀ kan fún ọdún márùndínlógójì, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju kó kọ ìgbà tí ọkọ̀ gbéra àti ìgbà tó dé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀, ló bá ń kọ ìgbà tí ológbò jáde àti ìgbà tó wọlé. Ìyàwó ẹ̀ ṣàánú ológbò, ó fún ọkọ ẹ̀ láṣọ méje kó máa ka ìlà wọn. Akọ̀wé wá pátákó kan, ó kùn ún ní dúdú, ó fa ọ̀nà méje sí i, ó dá ihò wẹ́wẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún sójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbẹ́ èèkàn igi kéékèèké méje tó ń sún láti ihò dé ihò. Nírọ̀lẹ́, á béèrè pé, "Ta ló dé?" Ìyàwó ẹ̀ á ní, "Fèrèsé dé ọgọ́ta." Akọ̀wé á sún èèkàn, á wo aago ọwọ́ ẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé.

Pátákó yẹn kì í parọ́. Ìgbà kan wà tí Ìyá Alákìísà búra pé òun ti rán ìlà Òjò lọ́sẹ̀ yẹn. Pátákó ní kò rán an. Wọ́n tẹ́ Òjò sílẹ̀, wọ́n kà á fún wákàtí kan gbáko, wọ́n sì rí i pé pátákó ló jàre. Kíka ìlà lórí aṣọ kì í ṣeré ọmọdé, torí kì í rán wọn tẹ̀ léra. Ibi tí àlàfo bá wà ló ń dí. Orí itan ló sì ti ń rán an, kíká ni aṣọ tó kù máa ń wà, ìwọ̀nba ibi tọ́wọ́ ẹ̀ dé lójú ẹ̀ ń rí. Láti ọjọ́ náà, bí orí ẹ̀ bá sọ nǹkan kan tí pátákó sọ òmíràn, pátákó ló ń tẹ̀ lé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tí gbogbo aṣọ méjèèje ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́gba ní ọgọ́ta ìlà, obìnrin tó ń bójú tó gbọ̀ngàn àwòrán ìlú wá sílé wọn. Ẹnì kan ló fi Òjò hàn án lórí fóònù. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wo àwọn aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan fún ogún ìṣẹ́jú. Akọ̀wé kọ ogún ìṣẹ́jú náà sílẹ̀.

"Mà, mo ní ògiri kan," obìnrin náà wí nígbẹ̀yìn. "Èyí tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti parí. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí ọ̀la, ọkọ̀ á wá gbé e láago mẹ́wàá àárọ̀."

"Tí kò bá wá parí ńkọ́?"

"Ọkùnrin kan wà tó ń fi wáyà ṣẹyẹ. Ògiri yẹn lòun náà ń dúró dè. Tiẹ̀ ti parí."

"Ẹyẹ mélòó?"

"Irinwó, mà."

"Ó mà ṣiṣẹ́ o," Ìyá Alákìísà wí, ó sì kórìíra ọkùnrin náà lójú ẹsẹ̀.

Ó fẹ́ ògiri yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti lọ sí gbọ̀ngàn náà rí, tó sọ fún aṣọ́nà pé òun kàn fẹ́ sinmi ẹsẹ̀, tó jókòó síwájú ògiri yẹn gan-an, tó ń wo ohun tẹ́lòmíràn gbé kọ́ síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti lò láyé, kò sí ibì kan tí wọ́n ti gbé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ kọ́ rí àfi orí okùn tí wọ́n ń sáṣọ sí.

Nígbà tí àlejò lọ, Akọ̀wé mú gègé, ó ṣírò. "Bá a ṣe ń lọ yìí, gbogbo wọn á dé lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógójì."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún mi."

"Tó o bá gbájú mọ́ ẹyọ kan, ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì. Ọjọ́ á tiẹ̀ ṣẹ́ kù."

"Ewo nínú wọn?"

"Ìwọ lo ni wọ́n."

"Ẹ bá mi yan ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́."

"Akọ̀wé kì í yan ọkọ̀," ni bàbá náà wí. "Akọ̀wé kàn ń kọ ọ́ ni."

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Alákìísà jókòó láago méjì, ó to aṣọ méjèèje síwájú, ó ń wò wọ́n. Kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bákan náà. Lọ́jọ́rú ó gbìyànjú láti gbé Fèrèsé, àfi bíi pé Òjò ń wo òun, ló bá gbé e padà. Ọkọ ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé fọ́jọ́ mẹ́ta pé kò sí ọkọ̀ tó gbéra. Kò tíì kọ irú ẹ̀ rí láyé ẹ̀, àfi lọ́jọ́ tí afárá já.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Alákìísà ń kọjá lọ síbi tó ti ń pọnmi, ó wo pátákó. Èèkàn mẹ́fà wà ní ọgọ́ta. Èèkàn Àtẹ̀gùn wà ní mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

"Bàbá, Àtẹ̀gùn rẹ̀yìn."

Akọ̀wé sún mọ́ ọn, ó fi awò ojú ẹ̀ wò ó dáadáa. "Ó rẹ̀yìn lóòótọ́."

"Ṣé kì í ṣe ọgọ́ta ló wà ni?"

"Ohun tí pátákó sọ nìyí."

Ó di dandan kí Àtẹ̀gùn bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ dọ́gba kí wọ́n tó lè sọ̀rọ̀ pé ta ló ń lọ ta ni ò lọ. Láago méjì ó gbé Àtẹ̀gùn sórí itan, ó rán ìlà kan, ó sì sọ nírọ̀lẹ́ pé, "Àtẹ̀gùn dé ọgọ́ta." Akọ̀wé sún èèkàn, ó wo aago, ó kọ ọ́. Ilẹ̀ mọ́, èèkàn Àtẹ̀gùn wà ní mọ́kàndínlọ́gọ́ta.

Ọ̀sẹ̀ yẹn lọ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Ìyá Alákìísà ń bá aṣọ náà wí bí ẹni ń kọ́ ọmọ tórí ẹ̀ ò gbèwé. "Ìwọ nìkan ṣá. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń dúró dè ọ́." Lọ́jọ́ kẹsàn-án, òùngbẹ tètè jí i, ó jáde sí pálọ̀, ó bá ọkọ ẹ̀ níwájú pátákó pẹ̀lú èèkàn lọ́wọ́.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?"

"Eruku," ni Akọ̀wé dáhùn.

Ó wo èèkàn tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó wo ihò tó ṣófo. Ó ní, "Ẹ nù ún dáadáa," ó mumi, ó padà wọlé lọ. Nígbà tó di aago méjì, ó gbé Àtẹ̀gùn sórí itan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí pé ó lọ́ra.

Àárín ọ̀sẹ̀ kẹfà la wà báyìí. Èèkàn Àtẹ̀gùn ò kúrò níbi tó wà. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Alákìísà ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ṣí aṣọ, ó wá àlàfo tó máa rán, kò rí. Ó yí i, ó wo apá kejì, kò rí. Ó wo ẹ̀yìn aṣọ náà, ìlà lé ìlà ni. Ó dìde, ó lọ wo pátákó. Pátákó ní ó ku mẹ́tàdínlógójì. Ló bá tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀, gbogbo ẹ̀ pátá, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí obìnrin gbọ̀ngàn náà ti wá wò ó.

Àtẹ̀gùn ilé gíga kan ni. Ó fi aṣọ ilé-ìwé aláwọ̀ òféfèé ṣe ara ògiri, ó fi ìdí ṣòkòtò àwọn oníṣẹ́ ọ́fíìsì ṣe àkàsọ̀, ó fi apá aṣọ ìyàwó kan tí kò wá gbaṣọ ẹ̀ mọ́ ṣe ìmọ́lẹ̀ tó wọlé látòkè. Ẹsẹ̀ ẹnì kan hàn lókè téńté, ẹsẹ̀ nìkan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ìlà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún gba ara ẹ̀ kọjá, wọ́n mú kí ògiri náà wú díẹ̀ bí ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti fọwọ́ tì. Aṣọ náà dára. Ó dára débi tínú fi bí ẹni tó rán an.

"Akọ̀wé!" ó ké. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ ẹ̀ jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "O parọ́ fún mi! O fi pátákó parọ́ fún mi!"

Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ "o" sí i rí, àfi lọ́jọ́ tó ń rọbí àkọ́bí. Akọ̀wé jókòó.

"Mo parọ́," ó wí. "Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ìwé yìí ni mo kọ òótọ́ sí. Àná, aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ló dé."

"Kí ló dé tó fi jẹ́ Àtẹ̀gùn?"

"Òun ló wà nísàlẹ̀ pátákó. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ibẹ̀ lọ́wọ́ mi dé."

Ìyá Alákìísà ní aṣọ náà ò ní lọ sí ibì kankan. Ó ní ó ti jẹ ìlà mẹ́rìndínlógójì lórí àwọn mẹ́fà tó kù, kí ọlọ́kọ̀ máa bọ̀, kí ó máa padà, kí ẹyẹ irinwó fò lọ sára ògiri. Ó ká Àtẹ̀gùn, ó jù ú sórí àga. Lẹ́yìn náà ó rí i pé ó ti ká a sódì, ó tún un ká.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nọ́ọ̀sì lórí fóònù. Wọn kì í sábà pe ara wọn àfi bí ẹnì kan bá kú. "Ta ni?" lẹ̀gbọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ló hùwà kan sí mi." Ó ro gbogbo ẹ̀ fún un, látorí ògiri dórí èèkàn. Ẹ̀gbọ́n ò dá sí i títí tó fi sọ ọ́ tán.

"Aṣọ ọ̀hún, ṣó dáa?"

"Ó dáa. Ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́fà wà ní ọgọ́ta."

"Mo gbọ́. Ìkẹfà ni ẹ́, o ò lè gbàgbé àwọn tí wọn ò mú." Ẹ̀gbọ́n tún ní, "Wọ́n sọ fún yín pé tíṣà ló yàn mí, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá wí."

"Ìyá ló lọ bá tíṣà nílé. Mo tẹ̀ lé e, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ ọ. Ó ní, 'Èyí ni kẹ́ ẹ mú, ẹ jọ̀ọ́, àmọ́ ẹ sọ pé ẹ̀yin lẹ mú un, torí mi ò ní lè wojú àwọn tó kù.' Bí tíṣà ṣe wá sílé wa nìyẹn, tó sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ ni. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sínú nílé-ìwé, mo fi sínú lọ́sibítù. Ì bá ṣe pé ó sọ ọ́ síta ni, ẹ̀ bá ti bínú sí i ní tààràtà, ì bá ti tán. Èmi lẹ wá ń kí bí àlejò látọjọ́ yẹn."

Ìyá Alákìísà wo pátákó.

"Ìwọ wá ńkọ́," lẹ̀gbọ́n wí, "ta ló yan tìẹ?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ ẹ ni."

"Mo rí i, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìyá Alákìísà sọ. Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni mo ti bá a níbẹ̀ pẹ̀lú èèkàn lọ́wọ́. Ó ní eruku lòun ń nù."

"O wá ṣe báwo?"

"Mo ní kó nù ún dáadáa."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Ọmọ Ìyá wa ni ẹ́ lóòótọ́," ó wí. "Kí ilé o."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, ọkọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Awakọ̀ wọlé, ọkùnrin sísanra kan tó mú pépà àti gègé lọ́wọ́. Aṣọ méje wà lórí tábìlì, kíká ni wọ́n ká wọn, téèpù ni Ìyá Alákìísà sì fi wọ̀n wọ́n kí ìkan má baà ga ju ìkejì lọ.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Ẹ kú àárọ̀, sà. Wọ́n ní kí n wá gbé aṣọ kan. Ewo ni?"

Akọ̀wé la ẹnu. Ìyàwó ẹ̀ gbọ́wọ́ sókè sí i, bàbá náà pa ẹnu dé.

Ìyá Alákìísà pẹ́ níwájú tábìlì. Awakọ̀ wo aago, ó wo òrùlé, ó wá wo pátákó, ó béèrè pé ayò wo ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Ìyá Alákìísà gbé ọwọ́ lé Òjò, ó gbé e kúrò. Ó gbé e lé Ibùdókọ̀, ó gbé e kúrò. Ó fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń kí ará ilé tó fẹ́ gbéra lọ sírìn àjò.

"Àtẹ̀gùn ni," ó wí, ohùn ẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe yẹ lọ nínú yàrá kékeré bẹ́ẹ̀. "Èyí ni. Èmi ni mo yàn án. Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló yàn án fún mi."

"Kò burú, mà," ni awakọ̀ wí. "Ẹ bá mi fọwọ́ síwèé níbí."

Ó fọwọ́ sí i. Awakọ̀ gbé Àtẹ̀gùn sí èjìká, ó ṣe pẹ̀lẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kó má baà fi gbá igi ilẹ̀kùn, ọkọ̀ sì gbéra. Akọ̀wé wo aago ọwọ́ ẹ̀, àmọ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyá Alákìísà jókòó sáàárín àwọn mẹ́fà tó kù, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò tiẹ̀ nu omijé. Ìdùnnú wà níbẹ̀, ìtìjú wà níbẹ̀, kò mọ èyí tó pọ̀ jù, kò sì wọ̀n ọ́n.

"Bàbá," ó wí nígbà tó yá, "ṣé mo ṣe dáadáa?"

Ọkọ ẹ̀ pa ìwé ẹ̀ dé.

"Mi ò mọ̀," ó wí, ó sì jókòó tì í.